Ẹ̀yin Ẹ̀gbọ́n Wa Lókè Òkun, Ẹ Jẹ́ Kí Ìwé Ọkọ̀ Ṣáájú Ọkọ̀ Dé

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa lọ́kùnrin lóbìnrin tó wà lẹ́yìn odi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárẹ̀, ẹ kú ìnáwó ilé. Ẹ̀yin tí mò ń kọ̀wé yìí sí mọ ara yín. Ẹ̀yin ni àbúrò, ìyekan, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ tí ọ̀rẹ́ mú wá máa ń pè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọkọ̀ kan lọ́hùn-ún, owó ti wà nílẹ̀.” Ó sì máa ń nira fún yín láti sọ pé ẹ ò ṣe. Lójú ẹni tó ń pè, ẹni tó bá ti ń gbé níbi tí ọkọ̀ ti pọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ọkọ̀ rà. Bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì ni ẹlòmíì nínú yín, akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹlòmíì, ẹlòmíì ò tilẹ̀ ní ọkọ̀, ọkọ̀ ojú irin ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ̀ tí wọ́n ní kí ẹ wò yẹn gan-an lè wà ní ìpínlẹ̀ tí ẹ ò dé rí, kó jẹ́ pé àwọn àwòrán tí wọ́n rí lórí fóònù nílé náà ni ẹ̀yin náà rí.

Ẹ̀bẹ̀ mi ò ju ọ̀kan lọ. Ẹ má fi ọkọ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ìwé náà bá dé, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tẹ́ni lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi owó náà ra àlòkù tó wà nílé, èyí tí wọ́n lè fojú rí, tí mẹkáníìkì wọn lè dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo èèyàn nínú. Ọ̀pọ̀ gbà pé tòkunbọ̀ dáa ju àlòkù ilé lọ, ó parí. Èmi ò gbà pé ó parí.

Owó tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán ló kọ́kọ́ ń tan gbogbo wa. Owó yẹn kéré, òótọ́ ni. Àmọ́ bó bá jẹ́ ní gbàǹjo lẹ ti rà á, ilé gbàǹjo yóò gba tirẹ̀ lórí iye tí ẹ dá lé e. Ẹ máa sanwó fún ọkọ̀ ńlá tó máa gbé e dé èbúté, ẹ máa san owó ọkọ̀ ojú omi, ẹ máa san ti adójútòfò. Nígbà tó bá gúnlẹ̀, ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, àròpọ̀ owó ọkọ̀, owó ojú omi àti owó adójútòfò ni aṣọ́bodè fi ń ṣírò owó ibodè, kì í ṣe iye tí ẹ rà á nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tún ka owó orí ọjà lé àpapọ̀ yẹn, owó ibodè náà sì wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé owó orí ń gun orí owó orí. Àjẹ́ńtì tó bá wọn gbà á jáde kò ní ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ìwé kan bá pẹ́ kó tó jáde, èbúté á máa ka owó ibùdó lójoojúmọ́, Sátidé àti Sọ́ńdè kò yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ rìsíìtì ló máa ń dun èèyàn jù. Ẹ ti rà á ní ẹ̀dínwó, inú yín ń dùn, ẹ sì rò pé ẹ̀dínwó náà á dín owó ibodè kù. Ní ibi púpọ̀, aṣọ́bodè ò wo rìsíìtì yín. Ìwé iye owó tirẹ̀ ló máa ṣí. Ní Kẹ́ńyà, fún àpẹẹrẹ, iye tí wọ́n ń ta irú ọkọ̀ náà ní tuntun ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá yọ ti ọjọ́ orí kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ra ọkọ̀ tó ti forí gbá ní owó pọ́ọ́kú lè rí i pé owó ọkọ̀ tó pé ni wọ́n bi í. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé pé láàárín ọjọ́ tí ẹ sanwó sí ọjọ́ tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti kọjá. Bí owó ilé bá já wálẹ̀ láàárín ìgbà náà, ìṣirò tí ẹ jọ ṣe lórí fóònù ti di àlá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwé, òun gan-an ló sì mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún ní ohun kan tí ẹni tó wà nílé kò ní: àkọsílẹ̀ ìgbé ayé ọkọ̀ wà nítòsí yín. Ọ̀pọ̀ yín kì í lò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, tiyín ló rọrùn jù. Ní èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, bí ọkọ̀ bá ti pé ọdún 3, dandan ni kó máa lọ lọ́dọọdún fún MOT, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ọkọ̀ ṣì yẹ lójú títì. Àbájáde rẹ̀ wà lórí ìkànnì ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́, nọ́ńbà ara ọkọ̀ nìkan lẹ máa tẹ̀ sí i. Ẹ máa rí ọdún tó yege, ọdún tó fìdí rẹmi, ohun tí wọ́n ní kí olówó ọkọ̀ ṣọ́, àti iye máìlì tó wà lójú aago ní ọjọ́ àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan. Aago tí wọ́n dá padà máa ń tú ara rẹ̀ fó níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 96,000 lọ́dún kan, tó wá di 61,000 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ kò sí lẹ́nu oníṣòwò mọ́. Ẹ ya àwòrán ojú ìwé yẹn, ẹ fi ránṣẹ́ sílé. Kò gba ìsapá kankan.

Ní Jámánì, àyẹ̀wò ìjọba máa ń wáyé lẹ́yìn ọdún 3 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní ọdún méjì méjì, wọ́n sì ń fi ìwé sọ ohun tí wọ́n rí. Ẹ béèrè ìwé náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, kì í sì í ṣe ti àyẹ̀wò tó kẹ́yìn nìkan. Bí àyẹ̀wò bá ti kùnà, tí olówó rẹ̀ ò tún un ṣe, tó wá gbé e fún àwọn tó ń kó ọkọ̀ lọ sí èbúté, ẹ ti mọ ìdí tó fi ń tà á. Àsọdùn kọ́ ni mò ń sọ. Lọ́dún 2020, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká gbé ìwádìí jáde pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kéékèèké àlòkù ni wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà láàárín ọdún 2015 sí 2018. Nígbà tí Netherlands sì yẹ àwọn ọkọ̀ tó ń gba èbúté rẹ̀ kọjá lọ sí Áfíríkà wò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní ìwé ẹ̀rí ìyege tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ti lo ọdún 16 sí 20. Ọkọ̀ tí òfin kò ní gbà kí ẹ gbé jáde lọ́la ní òpópónà yín, ẹ má gbé e fún ìyá ẹni kan nílé.

Ti Japan gba sùúrù díẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní shaken wọ́n lówó, ọdún 3 lẹ́yìn tí ọkọ̀ jáde ní tuntun ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọdún méjì méjì. Bí ọkọ̀ epo bẹntiróòlù bá sì ti lé ní ọdún 13, owó orí rẹ̀ máa ń gbéra sókè. Ìyẹn wà lára ohun tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ tó ṣì dára gan-an lè kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín níbẹ̀, mo sì gbà pé láti ibẹ̀ ni èèyàn ti lè rí ọkọ̀ gidi rà. Àmọ́ ẹ rí i pé ẹ gba ìwé gbàǹjo rẹ̀. Àwọn ayẹ̀wò ilé gbàǹjo ni wọ́n kọ ọ́, kì í ṣe olùtà. Nọ́ńbà tó wà lókè ìwé náà ni ipò ọkọ̀: 4.5 dára, 3.5 ti ń ṣàárẹ̀. Bí ẹ bá rí R tàbí RA, ó ti ní jàǹbá, wọ́n ti tún un ṣe. Àwọn àmì kéékèèké wà lára àwòrán ọkọ̀ náà pẹ̀lú: A fún ìháara, U fún ibi tó tẹ̀ wọnú, W fún ibi tí wọ́n ti lù tí wọ́n sì kùn, XX fún apá tí wọ́n ti pààrọ̀. Oníṣòwò tó bá ní ìwé náà ti sọ nù, ẹ dágbére fún un. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé nọ́ńbà ṣásì ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Japan fúnra wọn kúrú. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún tí àwọn ibòmíràn ń lò kò sí lára púpọ̀ nínú wọn.

Amẹ́ríkà ló léwu jù, ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀. Kò sí àyẹ̀wò kan ṣoṣo tó kárí gbogbo ìpínlẹ̀. Ti kálukú ló ń ṣe, àwọn kan ò tilẹ̀ ń ṣe. Ìwé tí ẹ ní láti wò ni title, ìyẹn ìwé tó ń sọ ẹni tó ni ọkọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá rí i pé owó àtúnṣe ọkọ̀ kan ti fẹ́ pọ̀ tó iye rẹ̀, wọ́n á san owó fún ẹni tó ni ín, wọ́n á gba ọkọ̀ náà, wọ́n á sì kọ salvage sára ìwé rẹ̀. Irú wọn ló kún àwọn gbàǹjo ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì, òun náà ló sì ń jẹ́ “iye owó tó dára” tí àwọn ará ilé ń fi ránṣẹ́ sí yín lóru. Kì í ṣe gbogbo salvage ni kò dáa. Èyí tí wọ́n gbá ní ìdí, tí fìrémù rẹ̀ kò wọ́, pánẹ́bítà tó mọṣẹ́ lè ṣe é. Èyí tí airbag rẹ̀, àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo èèyàn nígbà jàǹbá, ti bẹ́ ńkọ́? Ta ló máa fi tuntun sí i? Mo ti rí èyí tí wọ́n kàn fi rọ́bà bo ojú ibi tó ti bẹ́, tí wọ́n sì já iná ìkìlọ̀ rẹ̀ kúrò.

Èyí tí omi wọ̀ ni kí ẹ sá fún pátápátá. Lẹ́yìn ìjì Katrina lọ́dún 2005, Sandy lọ́dún 2012 àti Harvey lọ́dún 2017, ọkọ̀ tí omi bàjẹ́ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún. Omi òkun burú ju omi òjò lọ nítorí iyọ̀: ó ń jẹ wáyà, ó ń jẹ ìdí kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ náà á tàn, á rìn, á wọ ọkọ̀ ojú omi, á dé. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni gíláàsì á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, tí gíà á sì kọ̀ láti wọlé. Àwọn kan tún máa ń gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn kí àmì tó wà lórí ìwé rẹ̀ lè pòórá. Nítorí náà, ìwé nìkan ò tó fún èyí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Kó fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìpẹ̀kun, kó wo bóyá ẹrẹ̀ ti ya ìlà sára rẹ̀. Kó ṣí ibi tí sípíà táyà ń gbé. Kó wo irin tó wà lábẹ́ ìjókòó bóyá ó ti dógùn-ún nígbà tí ibi tó kù ṣì ń dán. Bí ẹ ò bá lè lọ, ẹ sanwó fún ẹni tó máa lọ. Bí ìyẹn náà ò bá ṣeé ṣe, ẹ ní ẹ ò rà.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín nìkan ló ti rọrùn láti tún un ṣe, n ò sì mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í sọ ọ́. Airbag tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe, tó wà nínú ọ̀pọ̀ oríṣi ọkọ̀, lè bẹ́ kó sì fọ́n irin sí awakọ̀ lára. Ní Amẹ́ríkà nìkan, èyí tí wọ́n ní kí wọ́n dá padà lé ní mílíọ̀nù 60. Ooru àti ọ̀rinrin tó bá pẹ́ lára rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di eléwu, ẹ wá ro ibi tí ọ̀pọ̀ àlòkù ń lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ìkànnì tí ẹ ti lè tẹ nọ́ńbà ṣásì láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ irú rẹ̀ ṣì wà lára ọkọ̀ náà láìṣe, oníṣòwò tó ń ta oríṣi ọkọ̀ náà yóò sì ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ọ̀fẹ́ yẹn lè di ìtàn.

Ìwé lè mọ́, kí ọkọ̀ náà má sì bá ilé mu. Ẹ béèrè ọjọ́ orí tí òfin ilé fàyè gbà kí ẹ tó béèrè iye owó. Ọdún 8 ni Kẹ́ńyà gbà, South Africa kò sì gba àlòkù wọlé fún títà rárá. Ẹ béèrè apá tí sítíárìn gbọ́dọ̀ wà. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tuntun láti Yúróòpù ní asẹ́ kan nínú ọ̀pá èéfín tó ń gba iyẹ̀fun dúdú dúró, epo tí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ kéré gan-an ni wọ́n sì ṣe é fún. Bí epo ilé bá kún fún imí-ọjọ́, asẹ́ náà á dí, ẹ́ńjìnì á fà sẹ́yìn, mẹkáníìkì á wá fi ayùn gé e dànù, ọkọ̀ tí ẹ tìtorí èéfín mímọ́ rà á wá máa tú èéfín ju ti àtijọ́ lọ. Ti ọkọ̀ oníná mànàmáná tún le jù bẹ́ẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi gba iná kíákíá ní Japan kò bá ti Yúróòpù mu, ti Ṣáínà náà tún yàtọ̀. Nissan Leaf àlòkù pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì ń wọni lójú, àmọ́ bátìrì rẹ̀ kò ní omi tó ń tù ú lára, ooru sì máa ń jẹ ẹ́. Ìlà 12 ló wà lójú aago bátìrì rẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun. Ẹ ka iye tó kù. Ti rédíò ò tó ìjà: rédíò ọkọ̀ Japan kì í gba ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ FM ibòmíràn, ẹ sọ fún wọn ṣáájú kí wọ́n má bàa pè yín láàárọ̀ Sọ́ńdè pé rédíò ti bàjẹ́. Ẹ sì rán wọn létí pé máìlì ni aago Amẹ́ríkà ń kà. 90,000 tó kéré lójú wọn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 145,000 kìlómítà.

Ẹ má rò pé mò ń gbé àlòkù ilé gẹ̀gẹ̀. Irọ́ wà nínú tiẹ̀ náà. Wọ́n ń dá aago padà, wọ́n ń da epo tó ki sínú ẹ́ńjìnì kó má bàa dún, ìwé ayédèrú wà, ọkọ̀ tí wọ́n jí wà. Níbi púpọ̀, kò sí àkọsílẹ̀ kankan tí èèyàn lè ṣí wò. Àmọ́ ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó fẹ́ rà á lè dé ọ̀dọ̀ olùtà láàárọ̀ kùtù, kó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó rí i pé ẹ́ńjìnì tutù, kó tó ní kí wọ́n tàn án. Ó lè wà á gba ojú ọ̀nà tó burú, kó tan ẹ̀rọ amúlétutù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kó gbọ́ ohun tó ń dún lábẹ́. Ó lè kì ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀ sí i. Ó lè fi nọ́ńbà tó wà lára irin wé èyí tó wà nínú ìwé. Bó bá rí àbùkù, ojú ẹsẹ̀ lowó á wálẹ̀, tàbí kó máa lọ ilé rẹ̀, ọ̀nà kan ò sáà wọ ọjà. Owó ibodè ti kúrò níbẹ̀, ẹlòmíì ti san án. Ọkọ̀ tó sì ti lo ọdún mẹ́ta mẹ́rin lórí epo ilé àti ihò ojú ọ̀nà ilé, ohun tó máa bàjẹ́ lára rẹ̀ ti ń bàjẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Tòkunbọ̀ ń bọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ni. Bí mo bá ní kí n yàn, ọkọ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń lò nílé, tí mẹkáníìkì rẹ̀ ṣeé bá sọ̀rọ̀, ni màá mú ṣáájú tòkunbọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìtàn rẹ̀, kódà bí àwọ̀ tòkunbọ̀ náà bá ń tàn jù ú lọ.

Ọkọ̀ kan wà tí màá ní kí ẹ fi ránṣẹ́ láìbéèrè: èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ń wà. Ẹ mọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ epo rẹ̀, ẹ mọ ọjọ́ tí ẹ gbá ògiri, gbogbo rìsíìtì rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀. Dípò tí ẹ ó fi gbé e fún oníṣòwò ní ìdajì owó nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ ronú nípa ilé. Orílẹ̀-èdè mìíràn tilẹ̀ ní ìdẹ̀ra lórí owó ibodè fún ẹni tó ń kó padà bọ̀ wálé pẹ̀lú ọkọ̀ tó ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó dágbére. Bákan náà ni ọkọ̀ iṣẹ́ tí kò sí lọ́jà ilé, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn tàbí tó ní àtẹ̀gùn fún kẹ̀kẹ́ arọ. Ìyẹn tó àárẹ̀ rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó láàárín ẹbí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó wà nílé. Bí ọkọ̀ bá dé tí kò dáa, ẹnikẹ́ni ò ní rántí pé àwọn ló yan àwòrán yẹn. Ẹ̀yin ni wọ́n á ní ẹ jẹ owó àárín. Nítorí náà, kí owó tó kúrò nílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fèsì sí i: nọ́ńbà ṣásì rẹ̀ rèé, ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ rèé, jàǹbá tó ti ní rèé, iye tí ẹ rò pé yóò jẹ́ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé rèé, ẹni tó máa san àlékún bí owó ilé bá já rèé, ẹni tó máa gbà á jáde ní èbúté rèé. Kí wọ́n fi nọ́ńbà ṣásì náà hàn mẹkáníìkì wọn, kó sọ bóyá páàtì rẹ̀ wà. Ẹ fún un lọ́jọ́ mẹ́ta. Bí gbàǹjo náà bá parí kí ó tó fèsì, ẹ jẹ́ kó parí, òmíràn á wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi ni,
Àbúrò yín tó wà nílé